Kọfí ń so lórí ilẹ̀ wa, kí ló dé tí a kì í yan án?

Ẹ̀yin tèmi, òwú yìí gùn o. Tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi pamọ́ kí ẹ kà á lálẹ́. 🧵

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ara wa. Nílé Yorùbá, Lipton, tíì ni. Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Nescafé náà, tíì ni. “Ṣé o ti mu tíì?” lè jẹ́ ohunkóhun tó bá ṣáà ti gbóná nínú kọ́ọ̀pù, tí mílíìkì sì wà nínú ẹ̀.

Èdè kan náà yìí ló mọ̀ pé obì àbàtà kì í ṣe gbànja, pé orógbó kì í ṣe obì, pé ògì kì í ṣe ẹ̀kọ. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ tó fi ń pe kọfí ní tíì. Nígbà tí kọfí dé ọ̀dọ̀ wa, kò dé bí ohun mímu. Ó dé bí ọjà: ohun tí à ń gbìn, tí à ń sá, tí à ń wọ̀n, tí wọ́n á sì gbé lọ.

Iná ló ń sọ hóró kọfí di ohun mímu. Iná yẹn gan-an ni wọn ò bá wa gbé dé. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni òwú mi dá lé.

Mo ń gbé ní Ọ̀wẹnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ẹ ti kọjá lórí odò wa. Orúkọ odò yìí lókìkí ju ìlú lọ: òun ni wọ́n fi sọ báńkì kan lórúkọ láyé àtijọ́, Owena Bank, òun náà ni wọ́n fi sọ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìròyìn The Hope lórúkọ, Owena Press.

Kòkó ló gbalẹ̀ níbí, ẹ ti mọ̀yẹn. Ṣùgbọ́n CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tí olú ilé ẹ̀ wà n’Ìbàdàn, ní ibùdó kan ní Ọ̀wẹnà. Bẹ́ẹ̀, kòkó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀gbìn márùn-ún ló wà lábẹ́ wọn: kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì. Ẹ ò rí nǹkan? Tíì gidi àti kọfí gidi, lábẹ́ òrùlé kan náà, síbẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo là ń pe méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò rí èso kọfí rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ẹ̀. Tó bá pọ́n, ó máa ń pupa bí àgbáyun, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ. Inú èso kọ̀ọ̀kan, hóró méjì ló sábà máa ń wà, wọ́n dojú kọ ara wọn bí ẹ̀là obì. Tí o bá sá a gbẹ, tí o gún èèpo ẹ̀ kúrò, hóró tó kù á ní àwọ̀ ewé tó ti ṣá, á le bí òkúta, á sì máa rùn bíi koríko gbígbẹ. Ẹ sè é lódindi láàárọ̀, ẹ máa mu omi koríko. Gbogbo òórùn tí ẹ̀yin mọ̀ sí kọfí, inú iná ló ti ń wá.

Irú méjì ló gbajúmọ̀ láyé. Arabica fẹ́ òkè àti òtútù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí òkè Màmbílà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà ló ti ń ṣe dáadáa nílẹ̀ wa. Robusta kò bẹ̀rù ooru. Igbó Áfíríkà ni wọ́n bí i sí. Òun ló bá ilẹ̀ ibí mu, òun náà ló ní kaféènì jù: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica.

Ó dáa. Ta ló kọ́kọ́ yan án?

Àwọn ará Ethiopia ló ni igi Arabica. Àwọn Súfí ní Yemen ni a mọ̀ pé wọ́n ń mu ún ní nǹkan bí 1400 sí 1500, kí oorun má baà gbé wọn níbi zikr òru. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé ilé ni wọ́n ti ń yan án. Títí dòní, ní Ethiopia, tí àlejò bá dé, obìnrin ilé á fọ kọfí tútù, á yan án lórí páànù níwájú àlejò, á gbé èéfín ẹ̀ yí ká kí kálukú gbóòórùn, á gún un, á sè é nínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní jebena. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń bu ún fún èèyàn, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ: abol, tona, baraka. Nǹkan bí ìdajì kọfí tí Ethiopia ń kó lóko, àwọn fúnra wọn ló ń mu ún.

Kí ẹ má rò pé nǹkan Áfíríkà nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, títí di nǹkan bí 1860, hóró tútù ni ìyá ilé ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, á wá yan án fúnra ẹ̀ nínú páànù ìdáná. Ní 1865 ni ọkùnrin kan ní Pittsburgh, John Arbuckle, wá ọgbọ́n tó fi ẹyin àti ṣúgà bo hóró yíyan lára kó má baà tètè bàjẹ́. Ó wá ń dì í sínú àpò, ó ń tà á. Báyìí ni iná ṣe kúrò ní ilé ìdáná tó bọ́ sí fáktírì.

Àwọn yẹn, wọ́n gba iná lọ́wọ́ wọn ni. Tiwa yàtọ̀.

Àwọn èèyàn wa ti fọwọ́ kan kọfí tipẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ilẹ̀ wa. Láàárín 1800 sí 1850, ogun tó fọ́ ilẹ̀ Yorùbá sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn di ẹrú, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Bahia ní Brazil. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn Nàgó Mùsùlùmí ló ṣíwájú ọ̀tẹ̀ Malê ní 1835. Ní 1850, Brazil ti ẹnu ọ̀nà òkun pa mọ́ òwò ẹrú. Àwọn olóko kọfí ní gúúsù, ní agbègbè Rio àti São Paulo, tí ọwọ́ ń wọ́n, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹrú láti àríwá orílẹ̀-èdè wọn. Bí ọmọ Nàgó ṣe bá ara ẹ̀ nínú oko kọfí nìyẹn. Ọdún 1888 ni ẹrú tó tán ní Brazil.

Àwọn tó ra ara wọn padà, tí wọ́n wọkọ̀ wá sílé, àwọn là ń pè ní Àgùdà. Ẹ lọ sí Pópó Àgùdà ní ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ máa rí àmì ọwọ́ wọn lára ilé. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kọfí jẹ́ “nǹkan òyìnbó”, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sílé. Ní 1887, ìjọba Èkó lábẹ́ Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń hù ọmọ igi tí wọ́n á pín fún àgbẹ̀. Kọfí wà lára ẹ̀, kòkó náà wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú ti ṣíwájú ìjọba. James Pinson Labulo Davies, ọ̀gákọ̀ àti oníṣòwò ńlá l’Ékòó, ọkọ Sarah Forbes Bonetta (ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn Sarah àti Ọbabìnrin Victoria, ọkọ ẹ̀ nìyẹn), ti dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọ̀n ní nǹkan bí 1880.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni Agége. Jacob Kehinde Coker àti ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn oníṣòwò tí òwò ti gé lọ́wọ́ torí pé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń fẹ́ gba gbogbo ẹ̀, gbé ara wọn lọ sóko. Kọfí, kòkó, obì ni wọ́n ń gbìn. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Nígbà kan, àwọn tó gbójú lé kọfí pọ̀ gan-an nínú wọn, torí owó ẹ̀ dáa l’Óyìnbó.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Brazil ló ṣẹlẹ̀. São Paulo gbin kọfí títí ayé fi kún. Láti 1896 ni owó kọfí ti já wálẹ̀ lágbàáyé. Àgbẹ̀ Agége ò mọ ẹnikẹ́ni ní São Paulo, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Ó yí ojú sí kòkó.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ṣiṣẹ́ l’Ágége ló gbé ìyókù ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wá láti Ìbàdàn, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Oǹdó. Nígbà tí wọ́n ń darí sílé, hóró kòkó wà nínú ẹrù wọn. Àwọn oníwàásù Ìjọ Áfíríkà, tí Coker jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà wọn, náà ń wàásù kòkó pọ̀ mọ́ ìhìnrere. (Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bó ṣe rí nìyẹn.) Ká ní owó kọfí ò já ní 1896, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọfí ni wọn ì bá di sẹ́rù, kí orúkọ ilé gíga n’Ìbàdàn sì jẹ́ Coffee House. Èrò tèmi nìyẹn ṣá.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Nínú gbogbo ìtàn yìí, láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta dé Agége, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ àgbẹ̀ parí síbi tí wọ́n ti ń rán ẹnu àpò. Gbìn ín, ká a, sá a, gbé e wá sórí ìwọ̀n. Iṣẹ́ kù sí i, ṣùgbọ́n èyí tó kù, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìjọba tó tẹ̀ lé e gba ibẹ̀ lọ. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù ti ń ra kòkó, ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀ Oòrùn, ní 1977 ìjọba àpapọ̀ dá Nigerian Cocoa Board sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù yẹn, kòkó nìkan kọ́ ló ń bójú tó o, kọfí àti tíì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bọ́ọ̀dù ló ń dá iye owó. Ọ̀gá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á bu díẹ̀ nínú àpò, á wò ó lójú: ṣé ó gbẹ? Ṣé dúdú ò pọ̀ nínú ẹ̀? Ṣé kòkòrò ò jẹ ẹ́? Ojú ló ń fi wò ó. Ahọ́n kì í sí níbẹ̀.

Ní ọ̀nà jíjìn, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tó máa tó dé orí tábìlì wa. Láàárín 1931 sí 1944, ìjọba Brazil dáná sun kọfí tó tó mílíọ̀nù 78 àpò, kí owó ẹ̀ lè gbérí. Àpò kan, kílò 60 ni. Àsè ò sí, kò sẹ́ni tó mu ún, wọ́n kàn sun ún ni. Torí àjẹṣẹ́kù yìí ni wọ́n fi bá Nestlé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí kọfí á fi máa pẹ́ nílẹ̀. Ní 1938, Nescafé jáde ní Switzerland: ìyẹ̀fun tó ń yọ́ nínú omi gbígbóná.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Kọfí ìyẹ̀fun yìí ni kọfí àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ẹnu kàn. Robusta sì ni wọ́n sábà ń fi ṣe é. Ẹ bá mi wo àgbẹ̀ tó ń ta hóró Robusta ní kílò, tó wá ń ra Robusta ní sáṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta tíì àti búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní 1986, ìjọba tú bọ́ọ̀dù ká. Oníkòkó rí owó díẹ̀ nígbà yẹn, torí kò sí ẹni tó ń já owó ẹ̀ ní ìdajì mọ́. Ní July 1989, àdéhùn àgbáyé tó ń pín iye kọfí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wó lulẹ̀. Owó kọfí tún já. Ẹ wo Côte d’Ivoire: láàárín 1970 sí 1980, àwọn ló wà ní ipò kẹta lágbàáyé, lẹ́yìn Brazil àti Kòlóńbíà. Lónìí, kòkó ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Ẹ tún wo àwọn ará wa Òkun ní Kàbbà àti Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn tí kọfí jẹ́ iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ wọn: ọ̀pọ̀ oko ni igbó ti bò. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wọ́n gé e, kòkó tàbí kaṣú sì bọ́ sípò ẹ̀. Ohun tí èèyàn ò bá lè jẹ, tí ò lè mu, tí kò sì rí tà, igi ìdáná ló kù tó máa dà.

Ẹnì kan á ní: ṣé kì í ṣe pé Yorùbá ò kàn nílò kọfí ni? Ó sọ òótọ́ díẹ̀. A ti ní kaféènì tiwa kí Èkó tó di Èkó. Inú obì ló wà. Awakọ̀ òru tó ń jẹ gbànja, àwọn àgbà tó ń jẹ obì níbi ìpàdé tó fẹ́ gùn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Obì ò sì nílò iná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé a ò mọ nǹkan yan ni? Ta ló mọ gàrí yan tó wa? Ta ló ń yan ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná tí ìkan ò ní jóná? Ta ló ń ta gúgúrú? Ọwọ́ wà. Agbada wà. Hóró wà. Kò kàn sẹ́ni tó so wọ́n pọ̀ ni.

Èyí ló gbé mi dé ìdí heat gun.

Heat gun ni ẹ̀rọ tó rí bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, àmọ́ ooru ẹ̀ lè kọjá 500°C. Àwọn tó ń lẹ tíǹtì mọ́ gíláàsì mọ́tò ni ẹ ti máa rí i lọ́wọ́ wọn. Èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò, ẹnu ẹ̀ kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń yan kọfí nílé l’Ámẹ́ríkà ló ti ń fi heat gun àti abọ́ irin tí wọ́n fi ń bọ́ ajá ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Abọ́ ajá kò sí nílé wa, bóòlù irin tí ìyá mi fi ń fọ ìrẹsì ni mo ń lò.

Kí ló dé tí mi ò fi kàn yan án nínú agbada? Ìbéèrè tó dáa ni. Ibi tí hóró bá ti kan irin ló ti ń gbóná jù. Hóró kọfí ní ojú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú tó tẹ́ yẹn á dúdú nígbà tí inú ṣì tútù. Ẹ̀ ń rántí yanrìn tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà? Iṣẹ́ yanrìn nìyẹn: kí ooru yí ẹ̀pà ká, kó má jẹ́ ìdí ìkòkò nìkan. Kọfí, yanrìn á há sínú ilà tó wà láàárín ẹ̀, ẹ ò ní rí i yọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń ṣiṣẹ́ yanrìn níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìyá tó ń yan ẹ̀pà lóye heat gun ju ẹni tó ṣe é lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Gíráàmù 200 ni mo ń dà sínú bóòlù lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń ṣa á dáadáa, mo máa ń yọ òkúta àti hóró dúdú kúrò. Ìta gbangba ni mo ti ń ṣe é, torí èéfín àti ìyàngbò tó máa fò. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ kan, orógùn wà lọ́wọ́ kejì, mi ò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ ríro dúró. Ẹnu heat gun ń jìn sí hóró ní nǹkan bí ìka mẹ́rin.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tó jọ kọfí níbẹ̀. Òórùn koríko ni. Àwọ̀ ewé á di àwọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn á yí padà, á máa rùn bíi búrẹ́dì tó wà nínú ààrò, àwọ̀ ẹ̀ á sì pọ́n bí èèpo ẹ̀pà. Ìyàngbò á máa fò káàkiri bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ ìrẹsì. Níbi ìṣẹ́jú kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ẹ máa gbọ́ ọ: pàà! Pàà-pàà! Ó ń ta bíi gúgúrú. Omi tó wà nínú hóró ti di ooru, ó ń fọ́ ọ jáde. Nǹkan bí 200°C ni hóró wà nígbà yẹn.

Láti ibẹ̀, etí àti imú ni kí ẹ máa lò. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn títa yẹn, mo máa ń dúró. Tí ẹ bá ń bá a lọ, á tún ta lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ẹ̀ á kéré, á yára, á jọ ìró ewé gbígbẹ tí èèyàn ń tẹ̀. Òróró á yọ sí ara ẹ̀, á dúdú. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kọfí ti ń di èédú.

Ó kù kí ẹ tù ú kíákíá, torí iná ṣì wà nínú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń dà á láti inú asẹ́ kan sí òmíràn níwájú fáànù. Gíráàmù 200 á ti di bíi 170. Ẹ má lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ o. Ẹ fi sínú ìgò, kí ẹ má de ìdérí ẹ̀ pinpin, kó lo òru kan ó kéré tán, torí atẹ́gùn ń jáde nínú ẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni adùn ẹ̀ máa ń yọ jù.

Ní ti iná NEPA: heat gun mi ń jẹ 1,800 watt. Ìṣẹ́jú méjìlá jẹ́ 0.36 kWh. Kódà tó bá jẹ́ pé ₦225 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún kWh kan lórí Band A ní April 2024 ni ẹ ń san, owó iná yìí ò tó ₦100. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, I-better-pass-my-neighbour, kò lè gbé e o. Ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú, torí kì í ṣe fídíò nìkan ni mo ń wá.

Hóró tí mo kọ́kọ́ yan, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ní oko kòkó níbí ni mo ti rí i. Igi kọfí díẹ̀ ṣì wà ní ààlà oko wọn, láti ayé bàbá wọn. Wọn ò tà á fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Mo ní kí a pín èso ẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan, èyí tó pupa nìkan. Ìkejì, bí wọ́n ṣe ń ká a láyé bọ́ọ̀dù: ẹ fi ọwọ́ ha ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan, tútù, pípọ́n, gbogbo ẹ̀. Mo sá méjèèjì, a gún wọn nínú odó, mo fẹ́ wọn, mo yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo gbé kọ́ọ̀pù méjì lọ bá bàbá. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì.

Wọ́n tọ́ àkọ́kọ́ wò. “Ó korò, àmọ́ ó korò bí orógbó. Adùn wà lẹ́yìn ẹ̀.” Wọ́n tọ́ ìkejì wò, ojú wọn fà ro. “Èyí ń ṣe bí ẹ̀pà tútù. Ó ń fún mi lẹ́nu.” Ẹni tí kò mu kọfí dúdú rí láyé ẹ̀ ló fi ẹnu kan ṣoṣo ya pípọ́n kúrò lára tútù.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá sọ pé: “Ọmọ mi, iye owó kan náà ni wọ́n ń san fún wa lórí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n yàtọ̀.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Lónìí, àwọn tó ń ra kọfí olówó ńlá lágbàáyé, ahọ́n ni wọ́n fi ń dá owó. Wọ́n á yan díẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á fi síbí fà á sẹ́nu, wọ́n á fún un ní máàkì. Àgbẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò rí, kí ló fẹ́ bá ẹni yẹn sọ? Wọ́n á ní “kò dáa”, á gbà. Kì í ṣe kọfí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Kòkó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, tí ẹ bá rí àgbẹ̀ Ìdànrè tó ti fi hóró ara ẹ̀ ṣe ṣokoléètì, ẹ bá mi kí i.

Mi ò sọ pé heat gun kan á dá owó kọfí padà o. Gíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan ò lè dá oko padà. Àmọ́ ó tó fún ìtọ́wò. Igi ààlà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ti ní kí wọ́n má gé e lọ́dún yìí, wọ́n sì ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé pípọ́n nìkan ni kí wọ́n máa ká.

Ó kù yín o. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó gbin kọfí rí, ní Ìjùmú, ní Kàbbà, ní Èkìtì, ní Oǹdó, ní Tógò tàbí níbikíbi, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ọdún wo ni wọ́n fi í sílẹ̀? Eélòó ni wọ́n rà á gbẹ̀yìn? Ṣé ẹnikẹ́ni nílé yan án rí? Ẹ kọ èsì wọn sábẹ́ ibí. Tí ẹ bá mọ orúkọ tí wọ́n ń pe igi náà ní èdè àdúgbò yín, ẹ fi kún un. Mò ń kó wọn jọ.